Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín 2,147,483,647? Báwo ni mo ṣe máa fi hàn àwọn ọmọ SS2?

Tíṣà Ọ̀fà | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìrànlọ́wọ́ yín ni mo ń wá.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níbí ní Ọ̀fà, èmi náà ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ ìṣirò wọn lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń ṣàlàyé nọ́ńbà práìmù, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Kúkúńdùnkún ni mo fi ṣe é, torí kò sí ọmọ Ọ̀fà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ ẹ̀ lọ́jà. Mo kó méjìlá sílẹ̀, wọ́n pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó dọ́gba. Mo kó mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, wọ́n pín in títí, ọ̀kan á ṣá máa ṣẹ́kù tàbí kí ó má tó. Ó yé wọn dáadáa.

Ni ọmọkùnrin kan bá dìde, ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé 2,147,483,647 náà kò ṣeé pín. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ọmọ yìí mú ìwé wá lọ́jọ́ kejì, ojú ewé márùn-ún gbáko, ó ti fi 2, 3, 5, 7 bẹ̀rẹ̀, ó pín in dé 293, ó kọ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́. Ó wá bi mí pé, "Mà, ṣé ó ti tó?"

Mi ò rí èsì tó tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn fún un. Mo mọ̀ pé fóònù mi lè sọ fún mi kíákíá. Ohun tí mo ń wá ni èyí tí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n á sì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. A ò ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, bíi mẹ́wàá nínú wọn ló ní ẹ̀rọ ìṣirò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àwọn òbí ń bọ̀ wá wo ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Ìpàta | Ọjọ́ Ajé, 8:41 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lójú tèmi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Nọ́ńbà tó bá máa ṣeé pín, àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ ń pín in. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín in dé 1,000. Bí kò bá sí èyí tó wọ̀ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i pé práìmù ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 1,018,081. Bí ẹ bá fi gbogbo nọ́ńbà láti 2 dé 1,000 pín in, ọ̀kankan ò ní wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, 1,009 lọ́nà 1,009 ni. Ẹni tó bá dúró sí 1,000 á fọwọ́ sí irọ́.

Ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí nìyí: bí nọ́ńbà méjì bá para pọ̀ bí 2,147,483,647, àwọn méjèèjì kò lè jọ tóbi ju 46,340 lọ. 46,340 lọ́nà 46,340 jẹ́ 2,147,395,600, kò tíì tó. 46,341 lọ́nà 46,341 jẹ́ 2,147,488,281, ó ti kọjá. Nítorí náà, bí ó bá ní ẹni tó pín in, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 àti 46,340. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a ò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ parí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé práìmù tó wà láti 2 dé 46,340 lé ní 4,700. Ọmọ yẹn ṣe méjìlélọ́gọ́ta péré nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tíṣà, mi ò rò pé ẹ nílò gbogbo wàhálà yẹn. Nọ́ńbà yìí ní bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ mọ́ra wọn, ẹ wá yọ ẹyọ kan. 2^31 dín ní 1. 31 fúnra rẹ̀ jẹ́ práìmù, òun ló fi jẹ́ pé èyí náà jẹ́ práìmù. Ìlà kan ṣoṣo ti tó lójú pátákó.

Bàbá Òmù-Àrán | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:22 àárọ̀

Ẹ kú ìdájí o. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ kọ́ ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì, orí mi sì wú láti rí irú ọ̀rọ̀ báyìí níbí.

Ọmọ mi tó wà ní Tánkẹ̀, apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ dára púpọ̀. Apá kejì ni kò tọ̀nà, má sì jẹ́ kí Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó. 11 jẹ́ práìmù. Lọ ṣírò 2^11 dín ní 1. 2,047 ni. 23 lọ́nà 89 ló bí i. Òdì-kejì ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ́ òtítọ́: bí 31 kò bá jẹ́ práìmù ni, èyí náà ì bá má lè jẹ́ ẹ. Pé 31 jẹ́ práìmù kàn ṣí ilẹ̀kùn ni, kò tíì wọlé.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tìẹ nìkan. Àlùfáà ará Faransé kan wà tó ń jẹ́ Marin Mersenne, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú nọ́ńbà báwọ̀nyí títí dòní. Ní 1644 ó kọ àwọn èyí tó gbà pé wọ́n jẹ́ práìmù sílẹ̀. Ó fi ti 31, ìyẹn 2^31 dín ní 1, sí i, ibẹ̀ yẹn ó gbà á. Ó fi 67 àti 257 sí i, méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbójú fo 61, 89 àti 107. Ọdún 1903 ni Frank Cole ní Amẹ́ríkà tó fi hàn gbogbo ayé pé 2^67 dín ní 1 jẹ́ 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287. Ẹ wo iye ọdún tó fi wà bẹ́ẹ̀.

Tíṣà, ẹni tó fi ẹ̀rí múlẹ̀ nípa nọ́ńbà tiyín ni Leonhard Euler. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan sí Bernoulli ní 1772. Rọ́ṣíà ló ń gbé nígbà yẹn, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Kò sì ṣe 4,700 ìpín yẹn. Ọ̀nà tó gbà ni mo fẹ́ sọ fún yín, SS2 lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n jẹun àárọ̀, ma padà wá.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Bàbá, a ń dúró o. Èmi kì í ṣe tíṣà, àwọn ọmọ mi ló wà ní SS1. Ìbéèrè kan péré: ṣé nọ́ńbà práìmù yìí náà ni àwọn ìwé kan ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́?

Bàbá Òmù-Àrán | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, òun ni. Èmi kì í lò ó ní kíláàsì, torí bí o bá sọ "nọ́ńbà àkọ́kọ́", ọmọ á sọ pé 1 ni. 1 kò sì sí lára wọn.

Ó yá, Tíṣà. Ẹ gbàgbé nọ́ńbà ńlá yẹn ná. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ 2, kí wọ́n máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì máa kọ àṣẹ́kù rẹ̀ nìkan bí wọ́n bá fi 7 pín in. 2, 4, 1, 2, 4, 1. Ó ń yí bí ọjà. Gbogbo wa la mọ ọjà ọrún: ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń padà bí a kò bá ka ọjọ́ tí a ná an ṣáájú. Ti 7, ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni 1 ń padà wá.

Kí wọ́n ṣe ti 17: 2, 4, 8, 16, 15, 13, 9, 1. Mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kí wọ́n ṣe ti 23: 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, 1. Mọ́kànlá. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Bí 2^11 bá ṣẹ́ku 1 nígbà tí a fi 23 pín in, tí a bá yọ 1 yẹn kúrò, kò ní ṣẹ́ku nǹkan kan. Ìdí tí 23 fi pín 2,047 nìyẹn.

Nísinsìnyí, kí nọ́ńbà kan tó lè pín 2^31 dín ní 1, ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìṣísẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n gan-an. Ọjà tó bá ń yí ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọgbọ̀n ló máa bọ́ sí, á fo mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ti mẹ́jọ-mẹ́jọ á bọ́ sí méjìlélọ́gbọ̀n. Kìkì ọjà tí ìyípo rẹ̀ pín 31 ló lè bọ́ síbẹ̀, 31 sì jẹ́ práìmù, nítorí náà ìyípo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 31 gan-an. Ibí ni pé 31 jẹ́ práìmù ti wúlò.

Èyí tó kù ni kúkúńdùnkún yín. Ẹ padà sí 7. Àwọn àṣẹ́kù tó ṣeé ní, yàtọ̀ sí òdo, jẹ́ mẹ́fà: 1, 2, 3, 4, 5, 6. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1 tí ẹ ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ó rí 1, 2, 4, ó ti yí padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3: 3, 6, 5, òun náà yí padà. Ìpín méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, ó dọ́gba. Bó ṣe máa ń rí fún práìmù gbogbo nìyẹn: àwọn àṣẹ́kù rẹ̀ á pín ara wọn sí ìpín-ìpín tó dọ́gba, ìpín kọ̀ọ̀kan sì tó iye ìyípo ọjà rẹ̀. Ti 23, àṣẹ́kù méjìlélógún, ìpín méjì, mọ́kànlá-mọ́kànlá.

Nítorí náà, práìmù tó bá máa pín nọ́ńbà yín, bí ẹ bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n-mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí 2 pín pẹ̀lú, torí práìmù náà kò lè jẹ́ 2. Ó di 62. Àwọn tí a ń wá ni 62 lé 1, 124 lé 1, 186 lé 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kà wọ́n: 63, ti 3 ni. 125, ti 5 ni. 187 jẹ́ 11 lọ́nà 17. 249, ti 3 ni. 311. Òun ni práìmù àkọ́kọ́ tó lè pín in rárá.

Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ojú ewé márùn-ún rẹ̀ kò já sí asán. Ohun tó rí lọ́nà gígùn ni pé kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ láti 2 dé 293, a sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Láti ibẹ̀ dé 46,340, àwọn tí ẹ ó wò jẹ́ 743 péré. Tí ẹ bá sì yọ àwọn tí kì í ṣe práìmù nínú wọn, kò ní tó igba.

Tíṣà Ọ̀fà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán

Bàbá! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Inú yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti ń kà á, mo sì ti ṣe ti 311. Ó wọ̀ ọ́ nígbà 6,905,092, ó ṣẹ́ku 35.

Igba láàárín ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n kò tó mẹ́jọ fún ẹnì kan. Ó ṣeé ṣe!

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:02 ọ̀sán

Bàbá, mo gba àtúnṣe, ẹ ṣeun sà. Mo ti lọ ka ti Euler. Ó tún ní òfin kejì: práìmù tó bá pín in, bí a bá fi 8 pín òun náà, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Bí a bá pa òfin méjèèjì pọ̀, àwọn tó kù ni 248 lọ́nà iye kan lé 1, àti 248 lọ́nà iye kan lé 63. Èyí á gé iṣẹ́ náà sí ìdajì. Práìmù tí a ó wò kò ní tó ọgọ́rùn-ún. 311 ṣì ni àkọ́kọ́, 1,303 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 1,489. Tíṣà, ẹ lo èyí. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló máa kan ọmọ kan.

Bàbá Òmù-Àrán | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Òótọ́ ni, òfin náà wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò ní lò ó fún SS2. Ẹ̀rí rẹ̀ ga ju wọn lọ, ohun tí Tíṣà sì bèèrè fún ni èyí tó máa yé wọn. Ọmọ tó bá pín mẹ́jọ tó mọ ìdí rẹ̀ sàn ju ọmọ tó pín mẹ́rin nítorí pé a ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:44 ọ̀sán

Bàbá, ẹ̀rọ ìṣirò mẹ́wàá ni wọ́n ní o. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, àṣìṣe á wọ̀ ọ́, àṣìṣe kan ṣoṣo sì ti ba ẹ̀rí jẹ́. Mo ṣì dúró lórí òfin kejì.

Alhaja Akápò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:37 ọ̀sán

Salamu alaykum. Mi ò mọ ìṣirò tó jinlẹ̀ tó báyìí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí nọ́ńbà yẹn, ara mi bù máṣọ. Nọ́ńbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí ní Gàá Àkànbí. A gba ọmọkùnrin kan kó ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ó máa kọ owó sí. Ó ṣe é, ó dára, a lò ó fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ní ọjọ́ Àláàdì kan tí a ń ṣèpàdé, mo tẹ owó ẹni tó san kẹ́yìn wọlé. Gbogbo owó ẹgbẹ́ yẹ kó pé mílíọ̀nù mọ́kànlélógún àtààbọ̀ náírà. Ohun tó yọ lójú kọ̀ǹpútà ni −21,449,672.96. Àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀! Bíi pé a jẹ gbèsè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a ní.

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí n má ṣe jáde. Ìwé tí mo fi bírò kọ nígbà gbogbo, tí wọ́n ti ń sọ pé kí n dáwọ́ rẹ̀ dúró, òun ló yọ mí. A jókòó kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí ìrun Màgáríbì fi wọlé, ó pé láìdín kọ́bọ̀ kan. Ọmọ tó ṣe ètò náà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ètò náà kò lè kà ju 2,147,483,647 lọ. Títí dòní mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ nọ́ńbà yẹn.

Tíṣà, ẹ kíyè sí ẹ̀rọ ìṣirò àwọn ọmọ náà. Èyí tó kéré tí à ń lò ní ìsọ̀, ẹyọ nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló ń gbà. Bí ọmọ bá tẹ mẹ́wàá, méjì tó kẹ́yìn kò ní wọlé, kò sì ní sọ fún un.

Oníkọ̀ǹpútà Sàbó-Òkè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Alhaja, ẹ kú ewu. Kọ́bọ̀ ló fi ń ka owó yín nínú ètò náà, kì í ṣe náírà. 2,147,483,647 kọ́bọ̀ jẹ́ ₦21,474,836.47. Ibẹ̀ ni òpin rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí: kọ̀ǹpútà ya àyè méjìlélọ́gbọ̀n sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà kan, àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. Ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ bóyá owó wà tàbí gbèsè ni. Ó ku mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1, 2^31 dín ní 1 nìyẹn. Bí o bá fi ẹyọ kan lé e, ó máa ya sí apá gbèsè. Owó yín jẹ́ 2,150,000,000 kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà yọ 4,294,967,296 kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù ni ẹ rí yẹn. Àyè mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló yẹ kí ọmọ yẹn lò. Wọ́n yan nọ́ńbà yìí torí pé práìmù ni, ó lágbára.

Irú rẹ̀ kan náà ń bọ̀. Àwọn ètò àtijọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sínú àyè méjìlélọ́gbọ̀n, ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2038 ni wọ́n máa kan òpin, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú-àáyá méje òru.

Ní ti ẹ̀rí, Tíṣà, ọ̀nà kan tún yá ju ti Bàbá lọ. Ẹ sọ 2 di púpọ̀ mọ́ra rẹ̀ nígbà 2,147,483,646, ẹ wo àṣẹ́kù rẹ̀ bí ẹ bá fi 2,147,483,647 pín in. Bí ó bá jẹ́ 1, práìmù ni. Kọ̀ǹpútà ń ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta ni mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Wọn ò yàn án torí pé práìmù ni. Ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo àyè mẹ́rìndínlógún, 32,767 ni òpin tiwọn, 7 lọ́nà 31 lọ́nà 151 sì ni. Ti àyè mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, 2^63 dín ní 1, 7 pín in. Ẹ wo ọjà ti 7 tí Bàbá sọ, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yí, mẹ́ta sì pín 63.

Aago tí ẹ dá, ti Greenwich ni. Níbí, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni.

Ẹ̀rí yẹn kò sì tó. 341 ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 1, síbẹ̀ 11 lọ́nà 31 ni. Kódà 2,047 tí Bàbá mú wá náà á kọjá nínú ìdánwò yẹn. Bí àṣẹ́kù kò bá jẹ́ 1, a mọ̀ dájú pé kì í ṣe práìmù. Bí ó bá jẹ́ 1, a kò tíì mọ nǹkan kan dájú.

Oníkọ̀ǹpútà Sàbó-Òkè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ yẹ 341 wò. Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Mo gbà.

Alhaja Akápò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́

Kọ́bọ̀! Ọlọ́run ṣeun. Ma ka èyí sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àláàdì.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́ | Ọjọ́rú, 6:45 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nọ́ńbà Tíṣà yìí ló tóbi jù nínú àwọn práìmù?

Bàbá Òmù-Àrán | Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Rárá, ìyá. Kò sí èyí tó tóbi jù, wọn ò lópin. Euclid ti fi ẹ̀rí ìyẹn múlẹ̀ láyé àtijọ́. Ohun tó wà ni èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí a ti rí.

Euclid yìí kan náà ló fi hàn pé bí 2^31 dín ní 1 bá jẹ́ práìmù, tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2^30, nọ́ńbà pípé ló máa jáde. Nọ́ńbà pípé ni irú 6: 1, 2 àti 3 ló pín in, 1 àti 2 àti 3 sì jẹ́ 6. 28 náà rí bẹ́ẹ̀: 1, 2, 4, 7, 14. Èyí tó jáde láti ara ti Tíṣà ni 2,305,843,008,139,952,128. Ní 1811, Peter Barlow ní England kọ ọ́ pé èyí ni nọ́ńbà pípé tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni máa rí láéláé, torí kò rò pé ẹnikẹ́ni á fẹ́ wá òmíràn. Ní 1876, Édouard Lucas ará Faransé fi hàn pé 2^127 dín ní 1 jẹ́ práìmù. Ẹyọ nọ́ńbà mọ́kàndínlógójì ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi ṣe é. Ní oṣù kẹwàá 2024 wọ́n kéde èyí tí Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, rí, 2^136,279,841 dín ní 1. Ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 41,024,320.

Tíṣà Ọ̀fà | Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́, ọ̀sẹ̀ kejì

Ẹ kú alẹ́ o. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

A ti parí rẹ̀. Ọjọ́rú méjì àti ọjọ́ Ẹtì kan la fi ṣe é. Mo gba ti Bàbá: ọjà àti kúkúńdùnkún nìkan, a kò lo òfin ti 8. Mo gba ti Akẹ́kọ̀ọ́ náà lórí àṣìṣe, torí náà ọmọ méjì ló ṣe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láìrí ìwé ara wọn, èmi sì fi ìdáhùn wọn wéra. Mo kó gbogbo ẹ̀rọ ìṣirò oní-mẹ́jọ kúrò kí a tó bẹ̀rẹ̀, Alhaja ẹ ṣé. Ibi mẹ́rin ni ìdáhùn wọn kò ti bára mu, wọ́n tún un ṣe, kò sí ọ̀kankan tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ sọ. 683 ló kan ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó ní ó wọ̀ ọ́ nígbà 3,144,192, ó ṣẹ́ku 511. Ló bá ń wo 511 yẹn. Ó ní, "Mà, 512 dín ní 1 ni. 512 sì jẹ́ 2^9. Ṣé ó kàn ṣèèṣì ni?" Mo ní kí ó ṣe ọjà ti 683. Ó kọ ọ́ lọ: 2, 4, 8, títí dé 512, lẹ́yìn náà 341, lẹ́yìn náà 682. Ó ní 682 dín ní ẹyọ kan sí 683, nítorí náà ìṣísẹ̀ mọ́kànlá mìíràn á dá a padà sí 1. Méjìlélógún-méjìlélógún. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n á bọ́ sí ìṣísẹ̀ kẹsàn-án nínú ìyípo kejì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ níwájú pátákó, ẹfun kún gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní òun ló máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn òbí bá dé.

Ọmọkùnrin olójú ewé márùn-ún ti ń bèèrè 2^61 dín ní 1 báyìí.

Bàbá Òmù-Àrán | Ọjọ́bọ̀, 9:52 alẹ́

Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn. Ẹ sọ fún un pé 683 lọ́nà 3 jẹ́ 2,049, ìyẹn 2^11 lé 1. Yóò rí ibi tí 682 yẹn ti wá.

Ní ti 61, ọ̀nà tí ẹ gbà yìí kò lè gbé e. Ẹ ó ní láti wá ẹni tó pín in dé ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ivan Pervushin, àlùfáà kan ní Rọ́ṣíà, ló fi hàn ní 1883 pé práìmù ni. Ṣùgbọ́n Lucas tí mo dárúkọ ló ni ọ̀nà kan, Lehmer sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ra rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ń yẹ̀ wò pín in, ẹ kọ àṣẹ́kù rẹ̀, ẹ tún ṣe é. Fún 2^5 dín ní 1, tí í ṣe 31, ó lọ báyìí: 4, 14, 8, 0. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn 5 dín ní 2. Bí ó bá já sí òdo níbẹ̀, práìmù ni, ẹ̀rí tó pé ni, kì í ṣe bíi ti 341. Kí wọ́n ṣe ti 127, tí í ṣe 2^7 dín ní 1, fúnra wọn: ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Kí wọ́n wá ṣe ti 2,047, kí wọ́n rí i pé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án 1,736 ni wọ́n á bá, kì í ṣe òdo.

Tíṣà Ọ̀fà | Ọjọ́bọ̀, 10:08 alẹ́

Mo ti ṣe ti 127 báyìí: 4, 14, 67, 42, 111, 0. Bàbá, ọjọ́ wo lẹ máa wá sí Ọ̀fà? Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń jókòó.